Ikọ̀ Òṣìṣẹ́: Láti Ọjọ́ Ìkójọ Títí Di Ọjọ́ Ìtúká

  



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ sàká, ṣùgbọ́n ó kan oúnjẹ òòjọ́ púpọ̀ nínú wa. Bí a bá kó ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́wàá jọ sí ojú kan pé kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ kan, kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin? Kí ló fà á tí àwọn tó ń fi ọ̀yàyà kí ara wọn ní oṣù kìn-ín-ní fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá láìsọ̀rọ̀ ní oṣù kẹta? Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní ikọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ o, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó máa ń da iṣẹ́ sílẹ̀ kọ́ ni mo ń wí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ìmáàmù nínú èyí. Ó kàn án gidi. Àwa tí à ń jókòó sí mọ́sáláásí ni wọ́n ń gbé e wá bá. Ẹnìkan á wá lẹ́yìn ìrun Alásárì, á ní kí a bá òun tọrọ ìṣẹ́gun, pé ọ̀tá ti dìde sí òun níbi iṣẹ́. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó rò pé ó ń fi oògùn wá òun. Bí a bá fara balẹ̀ bi í léèrè, a ó gbọ́ pé kò tíì ju oṣù méjì tàbí mẹ́ta lọ tí wọ́n kó wọn jọ sí ọ́fíìsì náà, pé kò sí ẹni tó pín iṣẹ́ fún wọn, pé ọ̀nà tí kálukú ń gbà ṣiṣẹ́ níbi tó ti wá yàtọ̀ síra. Àdúrà dára, a ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìpele kan nínú ìdàgbàsókè ikọ̀ sí iṣẹ́ ọ̀tá, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kò yẹ, ó sì lè fi ẹ̀sùn èké kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá síbí.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ àjọṣe. Wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀, wọ́n ń ṣe àáró lóko ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe àáró ti mọ ara wọn láti kékeré: wọ́n mọ ẹni tó lágbára, wọ́n mọ ẹni tó ń yára bínú, wọ́n mọ ẹni tí kì í tètè jí. Ọ́fíìsì òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Àlejò pọ́ńbélé ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á sì ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ní ọdún 1965, ọ̀mọ̀wé kan nínú ìmọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, Bruce Tuckman, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé ìwádìí ìṣègùn ti àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà, kó àádọ́ta (50) àkọsílẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe lórí àwùjọ kéékèèké jọ. Ó kà wọ́n, ó fi wọ́n wé ara wọn, ó sì rí i pé ìpele mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ àwùjọ ń gbà kọjá. Èkíní ni ìkójọ. Èkejì ni ìjì. Ẹ̀kẹta ni ìlànà, nígbà tí wọ́n bá fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣe é. Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ gan-an. Ní ọdún 1977, òun àti Mary Ann Jensen tún fi ẹ̀karùn-ún kún un, ìyẹn ìtúká. Kí a má fi òtítọ́ pamọ́, púpọ̀ nínú ohun tí Tuckman kà dá lórí àwọn tó ń jókòó pọ̀ níwájú oníṣègùn láti sọ ìṣòro ọkàn wọn. Ti ilé-iṣẹ́ kò tó nǹkan níbẹ̀, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí yóò dá àwọn ìpele wọ̀nyí mọ̀ bó ṣe ń dá ará ilé rẹ̀ mọ̀.

Ní ọjọ́ ìkójọ, gbogbo ènìyàn ló jẹ́ ọmọlúwàbí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń wo ojú ọ̀gá, kálukú ń wádìí lábẹ́lẹ̀ pé ta ni ta ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ béèrè ohun tí kò yé e, kí wọ́n má baà pè é ní òpè. Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, ọ̀wọ̀ fún àgbà tún wá fi kún un: ọmọdé rí àṣìṣe, ó dákẹ́. Ẹ má rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí kò léwu o. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 1994 lórí ìjàǹbá bàálù ńláńlá 37 tó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún 1978 sí 1990, èyí tí ọwọ́ àwọn awakọ̀ bàálù wà nínú wọn. Nínú àwọn tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ ìgbà tí àwọn awakọ̀ náà ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní tí wọ́n so wọ́n pọ̀. Ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún sì ṣẹlẹ̀ ní ìrìn àkọ́kọ́ gan-an tí wọ́n jọ rìn. Mi ò sọ pé àìmọra nìkan ló já bàálù bọ́, nítorí nǹkan tó ń fa ìjàǹbá pọ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó kọ́ṣẹ́ yege ni wọ́n. Wọ́n mọ bàálù. Ara wọn ni wọn kò tíì mọ̀.

Sùúratul Hujuraat (orí 49), ẹsẹ 13, jẹ́ kí ó yé wa pé kí a lè mọ ara wa wà nínú ìdí tí Ọlọ́hun fi pín wa sí ìran àti ẹ̀yà. Ànábì (SAW) kò sì fi mímọ ara ẹni yìí sílẹ̀ kó máa wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó dé Mọ̀dínà ní ọdún 622, ó so Muhaajiruun pọ̀ mọ́ Ansaar ní méjìméjì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá. Abdur-Rahman bin Awf bọ́ sí ọ̀dọ̀ Sa'd bin Rabii'. Sa'd ní kí ó wá gba ìdajì ohun ìní òun. Abdur-Rahman ṣàdúrà fún un, ó ní kí wọ́n ṣáà júwe ọjà fún òun. Gbogbo wa la máa ń yin ọrẹ Sa'd, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo èkejì: àlejò ti ní ẹnìkan pàtó tí yóò bi ní ọ̀nà ọjà. Ọ̀gá tó gba òṣìṣẹ́ tuntun, tó kàn ju ìwé òfin ilé-iṣẹ́ sí i lọ́wọ́, kò tíì gbà á. Kí ó fà á lé ẹnìkan lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìjì yóò dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́ọ̀dù ọsibítù ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n kó àwọn nọ́ọ̀sì jọ láti ọsibítù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní àti ìkejì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì kan ní níbi tí òun ti wá, a kì í kọ oògùn sínú ìwé àfi tí aláìsàn bá ti gbé e mì. Èkejì ní rárá, níbi tòun, kíkọ ló ń ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ alẹ́ dé lẹ́yìn àkókò, ẹni tó ṣe ti ọ̀sán kò lè lọ sílé, ọmọ rẹ̀ sì ń dúró dè é. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, "ó máa ń pẹ́ dé" ti di "ó ń rí mi fín." Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, wọ́ọ̀dù ti pín sí méjì. Àwọn kan kì í fẹnu sọ bí aláìsàn ti sùn tàbí bó ti jí fún ẹni tó ń gba iṣẹ́ mọ́. Wọ́n á ju ìwé sórí tábìlì, wọ́n á máa lọ. Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Aláìsàn tó lè gba oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni, tàbí kó má tilẹ̀ gbà á rárá.

Ẹ wò ó, nínú gbogbo ìyẹn, kò sí ẹni tó kórìíra ẹnikẹ́ni níbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé báyìí ni a ó ṣe máa ṣe é níbí, ìyẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ìlànà kò bá sí, ènìyàn á ka ọ̀nà ẹlòmíràn sí ìwọ̀sí. Láti ibẹ̀ ni àwọn ohun tí ẹsẹ 11 àti 12 nínú Sùúratul Hujuraat kọ̀ fún wa ti ń wọlé: yẹ̀yẹ́, orúkọ ìnagijẹ, àbá burúkú, ṣíṣe amí ara ẹni, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ kò ní bá nínú ọ́fíìsì tí ìjì ń jà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn ẹni rere kì í rí ìjì, kó lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ogun Banul Mustaliq, ní ọdún karùn-ún tàbí ìkẹfà lẹ́yìn Hijra (ẹnu àwọn òpìtàn kò kò lórí ọdún náà). Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ bí ọmọ ìyá. Síbẹ̀, ní ibi omi Muraysii', ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ Muhaajiruun àti ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ Ansaar fi omi bínú síra wọn. Èkíní ké pe Muhaajiruun, èkejì ké pe Ansaar, ó kù díẹ̀ kó di ìjà ńlá. Abdullah bin Ubayy, olórí àwọn mùnáfíkì, rí ibi gbà wọlé, ó ń fín iná mọ́ ọn. Kí ni Ànábì (SAW) ṣe? Ó pe igbe ẹ̀yà yẹn ní orúkọ tó jẹ́: ìwà ayé àìmọ̀kan, ohun tó ń rùn. Umar (RA) fẹ́ kí a pa Ibn Ubayy. Ó kọ̀, kí àwọn ènìyàn má baà máa sọ pé Muhammad ń pa àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí gbogbo wọn dìde ìrìn ní àkókò tí kì í sábà rìn. Wọ́n rìn títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n rìn títí ilẹ̀ fi mọ́, títí oòrùn fi ń ta wọ́n lára. Nígbà tí wọ́n dúró, bí ara wọn ṣe kan ilẹ̀ ni oorun gbé wọn lọ. Ta ló kù tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kànga sọ?

Kò ṣe bí ẹni tí kò rí i, kò sì fi ìbínú gé ẹnikẹ́ni kúrò; ó fi iṣẹ́ tí gbogbo wọn yóò jọ ṣe sí wọn lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wa ń ṣe òdìkejì. Wọ́n á dákẹ́ títí yóò fi bàjẹ́, wọ́n á wá lé ẹnìkan lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìjì náà á tún padà dé, nítorí ẹni tí wọ́n lé kọ́ ni ìjì.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ààlà kan sí i. Owó iṣẹ́ tí a jí, owó oṣù tí a kò san, ọ̀gá tó ń fi ìlọ̀kulọ̀ lọ obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀: kò sí èyí tó jẹ́ ìpele ìdàgbàsókè nínú wọn. Àbòsí ni. Ẹ gbé e lọ sí ibi tó yẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáàsí súúrù pa yín lẹ́nu mọ́.

Kí ló wá ń mú ìjì rọlẹ̀? Ìlànà ni, pàápàá èyí tí a ti là kalẹ̀ kí ìjà tó dé. Mi ò mọ àpẹẹrẹ tó tún dára ju ti ìgbìmọ̀ tí Saydina Uthman (RA) gbé dìde láti da Àlùkùránì kọ.

Iṣẹ́ náà ti ní ìpìlẹ̀ láyé Abu Bakr (RA). Lẹ́yìn ogun Yamaamah, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó há Àlùkùránì sórí ti kú, Umar dá àbá pé kí a kó o jọ sójú kan ní àkọsílẹ̀. Abu Bakr lọ́ tìkọ̀: báwo ni òun yóò ṣe ṣe ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò ṣe? Umar ń bá a sọ ọ́ títí ọkàn rẹ̀ fi gbà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Zayd bin Thaabit, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti máa ń kọ ìṣípayá sílẹ̀ fún Ànábì, òun náà sì béèrè ìbéèrè kan náà gan-an. Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n tún dá a lóhùn, títí ọkàn tirẹ̀ náà fi balẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tó fẹ́ràn "bẹ́ẹ̀ ni sà," ẹ rí i pé iṣẹ́ ńlá yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ni sà bẹ̀rẹ̀.

Ó di ayé Uthman, ní nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn Hijra gẹ́gẹ́ bí Ibn Hajar ṣe gbà á. Hudhayfah bin al-Yamaan ti ojú ogun Armenia àti Azerbaijan dé tòun ti ìbẹ̀rù, nítorí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn jà lórí bí wọ́n ṣe ń ka Àlùkùránì. Uthman yá àwọn tákàdá tó wà lọ́wọ́ ìyá wa Hafsah, ó sì yan ènìyàn mẹ́rin: Zayd bin Thaabit, Abdullah bin Zubayr, Sa'iid bin al-'Aas àti Abdur-Rahman bin al-Haarith. Zayd jẹ́ Ansaar, ọmọ Mọ̀dínà. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ Quraysh. Ẹni tó bá ní ojú inú yóò ti rí ibi tí ìjà lè gbà wá. Zayd ló ní ìrírí iṣẹ́ náà; Quraysh ló ni èdè. Uthman kò dúró dìgbà tí wọ́n bá jà. Kí wọ́n tó mú kálàmù rárá, ó ti sọ fún àwọn mẹ́ta náà pé níbi tí wọn àti Zayd bá ti yapa lórí èdè rẹ̀, èdè Quraysh ni kí wọ́n fi kọ ọ́, nítorí òun ni ó fi sọ̀kalẹ̀.

Ìyapa náà sì dé lóòótọ́. Imam Tirmidhi gbà á wá láti ọ̀dọ̀ az-Zuhri pé ọ̀rọ̀ kan ni, taabuut, tó wà nínú Sùúratul Baqarah ẹsẹ 248. Zayd ní háá ni kí a fi parí rẹ̀, taabuuh. Àwọn Quraysh ní táá ni, taabuut. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Wọ́n gbé e lọ bá Uthman, ó ní kí wọ́n kọ taabuut, nítorí èdè Quraysh. Iṣẹ́ sì ń lọ. Ẹ kíyè sí i pé Zayd ni àgbà nínú iṣẹ́ yẹn, síbẹ̀ ìdájọ́ kò gbè é. Uthman fúnra rẹ̀, Quraysh ni. Ká ní ọjọ́ ìyapa náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá òfin, ta ni kò ní sọ pé ó ń gbè sẹ́yìn àwọn ènìyàn rẹ̀? Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti jọ gbọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló ṣe ìdájọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé èyí padà lọ sí wọ́ọ̀dù wa. Ká ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni mètírọ́ọ̀nù ti pe àwọn nọ́ọ̀sì jókòó, tí wọ́n jọ fẹnu kò pé níbí, báyìí ni a ó ṣe máa kọ oògùn. Ẹni tó bá máa pẹ́ yóò ránṣẹ́ ṣáájú. Bí ẹni méjì bá ṣe awuyewuye lórí òṣùwọ̀n oògùn, ìwé tí dókítà kọ ni a ó padà sí, a kò ní wo ẹni tó dàgbà jù. Àríyànjiyàn yóò ṣì wà, àmọ́ yóò ní ibi tí yóò máa gbà lọ. Mo ní kí wọ́n jọ fẹnu kò o, nítorí Sùúratush-Shuuraa, ẹsẹ 38, ka ìjíròrò mọ́ ìwà àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Òfin tí ọ̀gá nìkan lọ kọ nínú yàrá rẹ̀ kì í pẹ́ di ohun tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín.

Ìpele kẹrin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀gá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan kan kò sì dúró. Ẹnìkan á na ọwọ́, ẹnìkejì á ti mọ ohun tó fẹ́ gbà. Ìṣòro ọ̀gá níbẹ̀ ni pé kó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó ń pàṣẹ ní oṣù kìn-ín-ní ṣe dáadáa, nítorí wọn kò mọ ọ̀nà. Bó bá tún ń pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì, òun gan-an ló ń dá wọn padà sẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àtẹ̀gùn ni ìpele wọ̀nyí, pé a kàn ń gùn ún lọ sókè ni. Bí ẹni tuntun bá wọlé, bí ọ̀gá bá yí padà, ìjì lè tún padà wá, bí a ti rí i ní Muraysii'. Onímọ̀ kan tún wà, Connie Gersick, tó gbé ìwádìí jáde ní ọdún 1988 lórí ikọ̀ mẹ́jọ (8), èyí tí iṣẹ́ wọn gbà láti ọjọ́ méje sí oṣù mẹ́fà. Ó rí i pé wọn kò tẹ̀ lé ìpele kan náà. Ọ̀nà tí kálukú mú ní ìpàdé àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tọ̀ títí ìdajì àkókò tí a fún wọn fi pé. Nígbà náà ni wọ́n á ta jí, wọ́n á ju ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n á mú òmíràn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ di àgùnbánirọ̀, èyí kàn yín o. Ọdún kan péré ni wọ́n ń fún yín. Ìbéèrè tí ojú bá tì yín láti bi ní ìpàdé àkọ́kọ́ lè máa bá yín gbé títí di oṣù kẹfà.

Ó ku ìtúká. Iṣẹ́ parí, tàbí wọ́n gbé ẹnìkan lọ sí ìlú mìíràn, tàbí ẹnìkan fẹ̀yìn tì. Àwọn tí wọ́n ti mọwọ́ ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ìjà tí kò ní ìdí á sì máa yọ láàrin wọn, nítorí ìpínyà kì í rọrùn fún ẹ̀dá. Ohun tó ń ṣòfò jù níbẹ̀ ni ìmọ̀. Kíláàkì tó mọ ibi tí gbogbo fáìlì wà ti lọ, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹni tuntun á wá máa fi oṣù mẹ́ta wá ohun tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ Zayd kò lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n da Àlùkùránì kọ tán, Uthman dá àwọn tákàdá Hafsah padà fún un, ó sì fi ẹ̀dà tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí agbègbè kọ̀ọ̀kan.

Wallaahu a'lam.